Tí Wọ́n Bá Fẹ́ Yọwó, Òṣìṣẹ́ Ni Mí

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣòfin owó orí ní ìbéèrè kan. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti fún ní aago ògiri àti kúlà ńlá kan lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún mi, kí ni mo jẹ́ lójú òfin? Ṣé òṣìṣẹ́ ṣì ni mí, àbí n kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́? Ìbéèrè yìí ò le. Ìyàwó mi mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò ju kí n jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi, ká máa bá ìjọba wí níbi tí ìjọba ò sí. Àwọn ọlọ́kadà Àkọ́dà, nílùú Ẹdẹ tí mò ń gbé, mọ̀ ọ́n, "Bàbá Pẹ́ńṣàn" ni wọ́n ń pè mí. Orúnkún mi méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tí ò tíì gbà ni akáńtáǹtì iléeṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Lójú tiẹ̀, òṣìṣẹ́ pọ́ńbélé ni mí, pàápàá tí oṣù Kejìlá bá dé.

N ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Wọ́n ṣe mí lóore lásìkò kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kò sí ní Ẹdẹ. Ọ̀nà jíjìn ni mo ti bá wọn ṣe é kí n tó kó ẹrù mi padà wá sílé bàbá mi. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ara mi bá gbóná díẹ̀, ọsibítù tí iléeṣẹ́ ń sanwó fún ni mò ń gbà lọ. Màá fi káàdì hàn, wọ́n á ní "Ẹ káàbọ̀, sà," wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, wọ́n á di oògùn fún mi sínú ọ̀rá, màá sì máa lọ sílé. Ẹ gbọ́ mi o: mo dàgbà di ẹni tó ní ọmọ-ọmọ láìmọ iye tí wọ́n ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí ẹnìkan bá ní oògùn ti wọ́n, màá mi orí, màá ní ìlú le, bí ẹni pé mo mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, káàdì náà fẹ̀yìn tì pẹ̀lú mi. Ó tiẹ̀ yára jù mí lọ: ọjọ́ Ẹtì ni èmi jẹ ìrẹsì ìdágbére, Ọjọ́bọ̀ ni káàdì ti kú. Ọ̀gá kan dìde níbi àpèjẹ náà, ó gba makirofóònù, ó ní iléeṣẹ́ ò ní gbàgbé wa láéláé, ó ní lọ́dọọdún la ó máa gba ₦100,000 fún ìtọ́jú ara. A pàtẹ́wọ́. Èmi pàtẹ́wọ́ débi pé aago ògiri fẹ́ bọ́ lábíyá mi.

Owó náà ń wá lóòótọ́, ẹni tó bá ní kò wá, irọ́ ló pa. Àmọ́ kó tó wá, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rí pé mo wà láàyè. Mo gbọ́dọ̀ mú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà dání, kí n gbé e sí igbá àyà, kí ọmọ mi ya fọ́tò mi, kí a fi ránṣẹ́. Lọ́dún kan, wọ́n ní fọ́tò ò mọ́lẹ̀ dáadáa, àwọn ò lè sọ bóyá mo wà láàyè. Ìyàwó mi ní òun náà ò lè sọ. A tún un yà nínú oòrùn. Wọ́n fẹ́ rí i dájú pé n ò tíì kú, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí n má kú, èmi ni kí n lọ wá a.

₦93,000 ló ń wá. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé báǹkì ló gé e, torí a mọ iṣẹ́ ọwọ́ báǹkì. Ọmọ mi bá mi ṣí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù, a rí i: owó ìtọ́jú ara, ₦100,000, PAYE, ₦7,000. PAYE! Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù! Oṣù wo? Mo pe akáńtáǹtì. Ọmọ dáadáa ni, ó ní ẹ̀kọ́ ilé. "Daddy" ló máa ń pè mí ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ ohun tí kò dáa fún mi.

"Daddy, ẹ má bínú. Àláwáǹsì ni. Àláwáǹsì, dandan ni ká yọ PAYE lára ẹ̀."

"Ṣé owó tẹ́ ẹ ní kí n fi tọ́jú ara mi náà ni?"

"Òun náà ni, sà. Àmọ́ nínú sístẹ́ẹ̀mù wa, stáàfù ni yín."

"Ọmọ mi, stáàfù ni mí?"

"Nínú sístẹ́ẹ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni, sà."

N ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ronú pé tí mo bá ti jẹ́ stáàfù nínú sístẹ́ẹ̀mù, á jẹ́ pé káàdì mi ti jí dìde nìyẹn. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi lọ́hùn-ún, mo yà sí ọsibítù tí a máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo wọ aṣọ tó dáa. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu tábìlì tẹ orúkọ mi, ó tún un tẹ̀, ó wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá, orúkọ yín ò sí níbí o. Ẹ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́." Mo ní akáńtáǹtì ní mo wà nínú sístẹ́ẹ̀mù. Ó ní sístẹ́ẹ̀mù tiwọn yàtọ̀.

Ẹ wá bá mi wò ó. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ́fíìsì akáńtáǹtì àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ lísìtì ọsibítù. Mo mọ ògiri náà, mo ti jókòó tì í rí. Lápá kan ògiri yẹn, òṣìṣẹ́ ni mí, kí n wá san owó orí. Lápá kejì, àlejò ni mí, kí n máa gba ilé mi lọ.

Lára àwa tí a jọ ń jókòó sábẹ́ igi, bàbá kan wà tó ṣiṣẹ́ owó orí láyé àtijọ́. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, a kì í kí i tọkàntọkàn. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti di èèyàn gidi. Òun ló fi igi yàwòrán sórí ilẹ̀, tó là á yé mi.

Ó ní ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Abala 173 wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, abala 210 wà fún ti ìpínlẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì wọn. Àwa tí a ṣiṣẹ́ aládàáni, òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 gbà wá sílẹ̀ bákan náà. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ibi tí n ò mọ̀ ni ti oògùn. Òfin owó orí ti ọdún 1993, tí wọ́n fi ń gbowó títí di òpin ọdún 2025, sọ pé tí òṣìṣẹ́ bá náwó sí ọsibítù tàbí sí eyín, tí ọ̀gá rẹ̀ sì dá owó náà padà fún un, kò sí owó orí níbẹ̀, torí kì í ṣe èrè. Ó ná an, wọ́n dá a padà, ó tán. Àmọ́ tí ọ̀gá bá kàn ka owó lé e lọ́wọ́ pé "gbà, fi tọ́jú ara," tí kò béèrè rìsíìtì, tí kò sì mọ̀ bóyá oògùn ló fi rà àbí bíà, àláwáǹsì nìyẹn, owó orí sì lè bá a níbẹ̀. Ìyẹn ni pé àìsàn kan náà, oògùn kan náà, ₦100,000 kan náà: tó bá tẹ̀ lé rìsíìtì wọlé, òfin á kí i káàbọ̀, tó bá dá wọlé, wọ́n á gé e létí.

Bàbá owó orí ò tíì dákẹ́ o. Ó ní kódà ká gbà pé àláwáǹsì ni, akáńtáǹtì yẹn ò mọ̀ ọ́n ṣírò. Òótọ́ ni pé 7% ni òfin náà fi sórí ₦300,000 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí náírà kìíní. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ₦200,000 sẹ́yìn fún olówó, wọ́n á tún fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Tí ẹ bá yọ ₦200,000 kúrò nínú ₦100,000, kí ló kù? Èmi tí mo kàwé dé Modern School mọ̀ pé kò ku nǹkan kan. Gbèsè gan-an ni wọ́n jẹ mí. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin ìnáwó ọdún 2020 ní ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ kò ní san owó orí rárá. Owó náà jẹ́ ₦30,000 lóṣù nígbà náà. Láti ọdún 2024, ó di ₦70,000. Èmi ń gba ₦100,000 lọ́dún. Ẹ bá mi pín in sí oṣù méjìlá. N ò fẹ́ ṣe é fúnra mi, ó ń dùn mí.

Ó wá fi èyí tó gbẹ̀yìn kún un, ìyẹn ló jẹ́ kí n dìde nílẹ̀. Òfin ní ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Ẹdẹ ni mò ń gbé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí iléeṣẹ́ wà ni wọ́n ń san ₦7,000 mi sí. Gọ́tà iwájú ilé wa rèé, ewúrẹ́ gan-an ń fo ó pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Owó mi wà lọ́hùn-ún, ó ń bá àwọn tí n ò mọ̀ rí tún gọ́tà tiwọn ṣe.

Mo kó gbogbo èyí pe akáńtáǹtì padà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní, "Daddy, ẹ ti kàwé gan-an o." Lẹ́yìn náà ló ní kò sí wàhálà. Kí n máa fi rìsíìtì ránṣẹ́, wọ́n á sọ owó náà di èyí tí wọ́n ń dá padà, PAYE á sì kúrò lórí ẹ̀. Rìsíìtì náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ ilé ìtajà lórí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà owó orí ẹni tó ta á, déètì, sítáǹpù, orúkọ oògùn, àti orúkọ mi gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú sístẹ́ẹ̀mù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹdẹ, ẹ bá mi ronú. Ọ̀dọ̀ ìyá kan lẹ́bàá ọjà ni mo ti ń ra oògùn mi. Kì í fi dandan lé e pé kí n ra páálí. Ó máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé káàdì amlodipine fún mi, hóró márùn-ún, hóró méje, bí owó ọwọ́ mi bá ṣe mọ. Á gé e tán, á fi ìka tẹ ojú hóró kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ṣófo, á dì í sínú bébà, á fún mi ní ṣéńjì, á sì fi àdúrà lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ náà mo ní, "Ìyá, ẹ kọ rìsíìtì fún mi."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá, kí ló dé? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o. Iléeṣẹ́ wa ló fẹ́ rí i."

"Iléeṣẹ́ wo? Ṣebí ẹ ti rítáyà?"

Ẹ rí i bí? Òun náà mọ̀. Ó fa etí páálí bísíkíìtì kan ya, ó fi bírò tí kò fẹ́ kọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Oògùn BP, Bàbá, ó ti sanwó." Ó ní kí n máa lọ, ó ti tó. Mo ní ó ku sítáǹpù. Ó ní sítáǹpù kẹ̀? Mo ní ó tún ku nọ́ńbà owó orí rẹ̀. Ojú ìyá yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn oògùn tó wà lórí tábìlì sínú báàgì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní ta ló rán mi sí òun? Àwọn oníbàárà tó wà lẹ́yìn mi ti ń wò mí bí ẹni tó wá ba ọjà jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo fi orúkọ gbogbo àwọn tó mọ̀ mí ládùúgbò bẹ̀ ẹ́, kó tó gbà pé n kì í ṣe aṣojú ìjọba.

N ò bá a wí. Ọ̀rọ̀ owó orí kì í ṣe àwàdà nílẹ̀ yìí. Àwọn tó dàgbà rántí Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní san iye tí ìjọba dá lé àwọn lórí, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, tí ìjọba sì dín owó náà kù nígbẹ̀yìn. Tafa Adéoyè, olórí wọn, ò béèrè rìsíìtì oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ya fọ́tò páálí bísíkíìtì, mo fi ránṣẹ́. Akáńtáǹtì kọ́kọ́ fi ojú ẹ̀rín ránṣẹ́ padà. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé, "Kò ṣe é gbà, sà. Bísíkíìtì ló hàn lórí ẹ̀." Òótọ́ ni, orúkọ bísíkíìtì hàn ju orúkọ mi lọ.

Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ jẹ́ kí n débi tó ti ń dùn mí jù. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ wa náà ti fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe aago ògiri ni wọ́n fún òun. Àdéhùn tiẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ á máa sanwó ìtọ́jú òun àti ìyàwó rẹ̀ títí ayé wọn, ìlú òyìnbó sì wà nínú ẹ̀. Bílì ọsibítù ń lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tààrà, kì í gba àpò rẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sẹ́ni tó fi PAYE lọ̀ ọ́. Iléeṣẹ́ á wá kọ owó náà sílẹ̀ pé ìnáwó iṣẹ́ ni, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ṣírò owó orí tiwọn. Owó orí iléeṣẹ́ ńlá jẹ́ 30%. Tí wọ́n bá ná ₦10,000,000 sí ìtọ́jú ìbàdí ọ̀gá, owó tó yẹ kí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn dín ní ₦3,000,000 nìyẹn. Ta ló gbé mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn kalẹ̀? Ìjọba ni. Ta ló ń jẹ́ ìjọba? Èmi àti ìyá olóògùn ni. Ìbàdí tí n ò fojú rí ni mò ń bá tọ́jú, nígbà tí orúnkún tèmi ń dún lórí àtẹ̀gùn.

Òfin tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fẹ̀yìn tì, tó bá wù ú. Ní Èkó, òfin ọdún 2007 lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ti di ipò mú là á lẹ́sẹẹsẹ fún gómìnà àná: ilé wà níbẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ sì wà fún un àti ìdílé rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó mú ìwé ìròyìn dání ya fọ́tò. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ bísíkíìtì.

Àwọn kan á ní kí n lọ gba adójútòfò ìlera. Mo ti gbọ́. Ètò NHIS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀. Òfin NHIA tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 wá sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin owó orí fi adùn sí i: iye tí èèyàn bá san sí ètò yìí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lé. Ó dára. Àmọ́ kò sí owó orí lórí pẹ́ńṣàn mi. Inú kí ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò? Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ńlá san adójútòfò, owó orí rẹ̀ dínkù. Èmi san iye kan náà, kò sí ohun tó dínkù àfi pẹ́ńṣàn. Àánú tí òfin ṣe mí yìí dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún adití láàfin Tìmì, ọba Ẹdẹ, pé kò ní fún onílù lówó.

Àna mi, tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìjọba Gómìnà Ademola Adeleke, ọmọ Ẹdẹ wa níbí, gbé ètò ìlera ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún àwọn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìpínlẹ̀, àna mi sì ti forúkọ sílẹ̀. A pàdé níbi ìkómọ kan. Ó mú káàdì jáde, ó fi hàn mí, ó fi í sápò agbádá, kò pẹ́ ó tún mú un jáde bí ẹni ń wá nǹkan mìíràn. Mo bi í bóyá wọ́n yọ PAYE lára ẹ̀. Ó ní, "Lára kí ni?" N ò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi pín jọ̀lọ́ọ̀fù.

Bàbá owó orí ní kí n má rò pé ibí nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń fa ìjà. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2003, wọ́n ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó bá ń ra oògùn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ìjọba á dá 28% padà fún un lára owó oògùn náà. Kò sí owó orí lórí àtìlẹ́yìn yẹn. Àwọn iléeṣẹ́ sì tún ń kọ gbogbo owó oògùn náà sílẹ̀ bí ìnáwó tiwọn, àti èyí tí wọ́n san àti èyí tí ìjọba bá wọn san. Nígbà tí òfin ìlera Obama dé lọ́dún 2010, wọ́n ní eléyìí tó gbẹ̀yìn yẹn á dópin láti 2013. Háà, ariwo ta! AT&T ní òun á kọ bílíọ̀nù dọ́là kan sílẹ̀ bí àdánù. Caterpillar ní tòun á tó mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún. Àwọn aṣòfin bínú, wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wá ṣàlàyé, nígbà tó yá wọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́.

Gbogbo abẹ́ igi dákẹ́. Ẹnì kan nínú wa wá bi í pé, "Àwọn arúgbó yẹn ńkọ́? Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń pariwo yìí, ṣé wọ́n ń rí oògùn náà gbà?"

Ó ní wọ́n ń rí i gbà.

"Wọ́n yọ PAYE lára ẹ̀?"

Ó ní rárá.

"Kí wá ni wọ́n ń jà sí?"

Ká padà sílé. Lóṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Taiwo Oyedele tó ṣáájú ìgbìmọ̀ tó gbé e kalẹ̀ sọ ọ́ títí, mo rò pé ó ti mọ ohun tó ń ṣe mí. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, 0%. Ó kù díẹ̀ kí n jó. Mo ka ìyókù. Wọ́n ti pa ₦200,000 àti ìdá ogún àtijọ́ rẹ́, ìdẹ̀ra owó ilé ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí èèyàn fi gba ilé, kó má ṣáà ju ₦500,000. Ilé bàbá mi ni mò ń gbé. N ò jẹ níbẹ̀ náà. Oògùn ńkọ́? VAT, owó orí 7.5% tí wọ́n ń gbà lórí ọjà, ò kàn án. Mo sáré lọ sọ fún ìyá olóògùn. Ó ní kò sí VAT lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà, kí n yéé dá ọjà òun dúró. Ó ní tí mo bá fẹ́ mọ ohun tó sọ oògùn di góòlù, kí n lọ bi dọ́là, kí n sì bi iléeṣẹ́ olóògùn GlaxoSmithKline tó ní òun ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Ó gé hóró márùn-ún fún mi. Owó tí mo fi ń ra méje tẹ́lẹ̀ ni.

Síbẹ̀, 0% ni 0%. Bí oṣù Kìíní ṣe kọjá, mo pe akáńtáǹtì. N ò tiẹ̀ kí i.

"Ọmọ mi, ₦800,000. Odo."

"Mo mọ̀, Daddy. Wọ́n ti tún sístẹ́ẹ̀mù ṣe. A ò ní yọ PAYE lára yín mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣàdúrà fún un, mo ní òun náà á rítáyà láyọ̀. Mo ní á jẹ́ pé ₦100,000 mi á pé lọ́dún yìí.

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, Daddy."

Bó ṣe ní Daddy ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo jókòó. Ó ní àwọn ọ̀gá ṣèpàdé lórí òfin tuntun, wọ́n sì rí i pé owó ìtọ́jú ara àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń da ìṣírò wọn rú: kì í ṣe owó oṣù, kì í ṣe pẹ́ńṣàn, kò ní rìsíìtì. Wọ́n ti fòpin sí i. Ó ní kí n má bínú, àwọn stáàfù nìkan ni ètò ìlera máa kàn láti ìsinsìnyí lọ.

"Ṣebí stáàfù ni mí nínú sístẹ́ẹ̀mù?"

"Wọ́n ti yọ orúkọ yín, sà."

Ọmọ mi ti ń bá mi tẹ lẹ́tà. ₦7,000 ti gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ stáàfù wọn lọ́ràn-anyàn, kí wọ́n dá a padà fún mi, tàbí kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí wọ́n san án sí, kí wọ́n sì san án fún Ọ̀ṣun, kó ṣáà dé gọ́tà iwájú ilé wa. Ó bi mí ohun tí a máa so mọ́ lẹ́tà náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo ní kó so páálí bísíkíìtì mọ́ ọn. Mo ti gba sítáǹpù sí i báyìí: ti ẹgbẹ́ onítẹ́tẹ́ àdúgbò ni, òun nìkan ni mo rí.